Omi Sàdákà Alhaji

Ẹni tó bá mọ ẹ̀yìn tésàn rélùwéè ní Ọ̀fà dáadáa yóò mọ ilé Alhaji Ìbráhìm. Kì í ṣe pé ilé náà ga tàbí pé ó lẹ́wà. Dúróòmù tó wà níwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di mímọ̀. Dúróòmù búlúù ni, ó ga dé àyà èèyàn, abẹ́ igi ọ̀dán ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì fi ṣéènì so kọ́ọ̀bù méjì mọ́ ọn lọ́rùn, nítorí olè kò mọ èwo ni sàdákà. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ a bù mu níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kírun a fi ṣe àlùwàlá. Akẹ́kọ̀ọ́ Poli tí omi tán nílé rẹ̀ a gbé kẹ́ẹ̀gì wá, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé ọmọ ta ni.

Alhaja Àsíátà, ìyálé Alhaji, ló ń mójú tó o. Alhaji fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ gáàdì nínú ọkọ̀ ojú irin, ó fẹ̀yìn tì, ó sì kú wọ́ọ́rọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àfáà tó ṣe wàásù sọ pé kò sí sàdákà tó dà bí omi fún òkú, pé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó bá mu níbẹ̀, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe ẹyẹ, láádá rẹ̀ ń bá olóògbé ní sàréè. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Alhaja lára. Kò pẹ́ tó fi ta ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, tó ra dúróòmù, tó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú gbogbo ẹbí pé níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé, omi yìí kò ní gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kò jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò máa fọ̀ ọ́. Lójú tirẹ̀, kí wọ́n da omi náà nù kí wọ́n tó pọn tuntun, gbígbẹ ni, kò sí orúkọ mìíràn tí wọ́n lè pè é. Bó bá ti lọ sílẹ̀ ni yóò bu sí i. Omi òjò ń bẹ nínú rẹ̀, omi kànga ń bẹ nínú rẹ̀, omi tí wọ́n rà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ omi lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, ó ṣeé ṣe kó ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èrò ń mu ún lójoojúmọ́, kò léwu, torí omi tó ń wọlé tó ń jáde kì í ráyè bà jẹ́. Ìgbà tí ọmọ àdúgbò kan tó rí ṣe l'Ábújá wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí mọ́sáláásí ni nǹkan yí padà. Èrò yà síbẹ̀. Ta ni yóò bá wọn wí? Omi ẹ̀rọ tutù, ó sì mọ́.

Alhaja kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó dùn ún gan-an. Yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo àwọn èèyàn tó ń kọjá lára omi ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé igi lásán ló wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ẹyẹ nìkan ló ṣẹ́kù, ẹyẹlé, àdàbà àti ẹ̀ga. Wọ́n á bà sétí dúróòmù, wọ́n á tẹ orí bọ omi, wọ́n á sì fò lọ. Alhaja á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àfáà kúkú dárúkọ ẹyẹ.

Khàdíjàt ni ìyàwó. Ó fi ọdún púpọ̀ kéré sí ìyálé rẹ̀, àmọ́ òun náà ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà fún àwọn aránṣọ lọ́jà. Nígbà tí Alhaji gbé e wọlé, gbogbo àdúgbò ló dẹ etí sílẹ̀ de ariwo. Ó ṣe tán, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, kí ni ká wá sọ nípa orogún méjì nínú ilé kan? Wọ́n retí títí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yìn Àsíátà ni Fatimah, ọmọ kan ṣoṣo tí Khàdíjàt bí, dàgbà sí. Nígbà tí Alhaji kú, tí ó ku àwọn méjèèjì nínú ilé, ìkòkò ọbẹ̀ kan ni wọ́n ń gbé kaná. Láràárọ̀, Khàdíjàt á ké láti yàrá rẹ̀ pé, "Ìyálé mi, ṣé ẹ jí?" Alhaja á dáhùn pé, "Mo jí o, ìyàwó." Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ tó ń mọ́ nínú ilé náà.

Ní àsìkò òjò tó kọjá, Khàdíjàt lọ bomi ní dúróòmù láti fi ṣan ọwọ́, ó sì rí i pé omi náà ń mì. Tanwíjí ló kún inú rẹ̀, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń ká kò tí ń nà nínú omi, tí kì í pẹ́ di ẹ̀fọn. Alhaja náà kò ṣàìmọ tanwíjí. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí wolé-wolé bá ti ń bọ̀ láti wá yẹ inú àmù wò, ìyá rẹ̀ a máa gbé àmù tirẹ̀ sá sẹ́yìn ààrò. Nítorí náà, kò sí ohun tí kò yé e nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ tó sọ fún un.

"Ìyálé mi, tanwíjí ti kún inú omi yẹn. Ẹ jẹ́ ká dà á nù, ká fọ̀ ọ́, ká tún un pọn. Ká sì wá ọmọrí sí i."

Alhaja ní ṣé Khàdíjàt ló fẹ́ gbẹ omi tí Alhaji ń mu ní sàréè? Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, à bá ní ó mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ìbínú tó ní sí àwọn tó ń kọjá lọ síbi omi ẹ̀rọ, tó dì sínú láti ọjọ́ yìí, orí Khàdíjàt ló tú u lé. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú pé ẹkún àwọn kan kò dé inú. Ó ní ẹni tí wọ́n gbé wọlé nígbà tí owó ti wà, kò lè mọ iyì ọkọ bí ẹni tó bá a jẹ gààrí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Khàdíjàt wà lórí ìkúnlẹ̀ títí tó fi sọ tán, lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì wọlé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá Alhaja jí.

Kò pẹ́ sígbà náà, Alhaja jáde láti ṣe àlùwàlá ìdájí, ó rí nǹkan funfun lórí dúróòmù. Wọ́n ta aṣọ bo ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fi okùn yí i ká lọ́rùn bí wọ́n ti ń di òkú. Nígbà tó fọwọ́ kàn án, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni. Ọwọ́ tó dì í kò ṣòro láti mọ̀, nítorí aránṣọ gan-an kò lè so okùn bíi Khàdíjàt. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Alhaja kò rí nẹ́ẹ̀tì mọ́, aṣọ òkú ló ń rí. Ó já a, ó fà á wọ ẹ̀yìnkùlé, ó sì nà án sórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí àwọn adìẹ ń tú. Ó sọ ọ́ sókè kí wọ́n lè gbọ́ ọ nínú ilé pé ẹnikẹ́ni kò ní fi aṣọ òkú bo sàdákà ọkọ òun. Fèrèsé yàrá Khàdíjàt ṣí sílẹ̀ níwọ̀nba.

Bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, Alhaja kò kọ́kọ́ mọ̀, tàbí ká ní kò fẹ́ mọ̀. Ó rí i pé ìyàwó òun kò lọ sọ́jà. Ó gbọ́ tó ń kérora nínú yàrá. Ó dìde, ó dé ẹnu ọ̀nà, ìgbéraga fà á padà. Fatimah tó ń ṣe tíṣà ní Ìjàgbo ló tẹ̀ láago pé kó wá wo ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gun ọ̀kadà dé, ó ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì kó tó wọlé, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Ní Ọ̀fà, ara gbígbóná kò ní orúkọ méjì, màléríà ni títí yóò fi fi ara rẹ̀ hàn pé òun kọ́. Khàdíjàt lo oògùn náà tán, ara rẹ̀ kò yéé gbóná. Orí ń fọ́ ọ bí ẹni tí wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì ń dùn ún lójú.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Alhaja ń kọjá lẹ́nu yàrá rẹ̀, tó rí i tó ń kírun lórí ìjókòó. Ó fẹ́ tẹrí ba, ọrùn rẹ̀ kọ̀. Ó tún un ṣe, ọrùn náà le bí igi, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀ fún ìrora. Ẹni tó ti ń forí kanlẹ̀ láti kékeré kò lè tẹ orí rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni Alhaja wọlé lọ bá a, ìjà ti kúrò lọ́kàn rẹ̀. Khàdíjàt gbójú sókè wò ó.

"Ṣé ọkọ̀ Alhaji ti wọ tésàn?" Ohun tó béèrè nìyẹn, bí ẹni tó ti se oúnjẹ kalẹ̀ de ọkọ. Kí Alhaja tó jókòó tì í, ojú Khàdíjàt yí sókè, ara rẹ̀ le, gìrì sì gbé e bí ọmọ ọwọ́.

Àwọn ará ilé òdì-kejì sáré wá. Ẹnì kan ní àlùjànnú ni, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àfáà kan lọ́nà Ẹ̀rìn-Ilé. Fatimah kọ̀. Ó pe oníkẹ̀kẹ́, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọkọ̀ aláìsàn gbé e dé Ìlọrin. Alhaja gbé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ lé itan jálẹ̀ ọ̀nà. Ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń pè é ní ìyàwó, ó ń pè é ní Ìyá Fatimah, kò sí èyí tó jẹ́.

Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀dàmọ́lá, èèyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò rí màléríà. Wọ́n fa omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò tó jìnnà. Nígbà tí èsì dé, ó pe Alhaja àti Fatimah jókòó. Ó ní ọpọlọ aláìsàn ló wú, pé kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ ibẹ̀, ẹ̀fọn ló sì gbé e wá. Ara ẹyẹ ni kòkòrò náà ń gbé. Ẹ̀fọn a mu ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ, a sì wá mu ti èèyàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá jẹ kì í mọ̀ rárá, ó lè ṣe ẹlòmíràn bí ibà lásán, àmọ́ ó máa ń wọ ọpọlọ àwọn díẹ̀, pàápàá àwọn tó ti dàgbà. Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún èèyàn. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n máa tọ́jú ara rẹ̀ títí ara náà yóò fi bá a jà.

Alhaja gbọ́ ẹyẹ, ó gbọ́ ẹ̀fọn, dúróòmù abẹ́ igi ọ̀dán sì wá sí i lọ́kàn. Ó béèrè bóyá yànmùyánmú ilé àwọn ni. Dókítà ní kò sẹ́ni tó lè mọ ìyẹn, pé ó lè jẹ́ ti ọjà, ó lè jẹ́ ti ibikíbi. Ó ní kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kí omi dúró níbì kankan láyìíká, kí wọ́n máa da èyí tí wọ́n bá pọn sílẹ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n fọ ara ohun tí omi wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì dé e pinpin. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá aláìsàn máa ń sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì.

Ìyẹn ni Alhaja mọ ìdáhùn sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní Khàdíjàt kì í sùn láìsí nẹ́ẹ̀tì láéláé, pé òun máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ràn ooru ju ẹ̀fọn lọ, pé nẹ́ẹ̀tì tòun ṣì wà nínú ọ̀rá nísàlẹ̀ àpótí bí ìjọba ṣe pín in.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Fatimah padà sí Ọ̀fà láti kó ìró àti ìborùn wá. Fatimah ń ṣí àpótí aṣọ, Alhaja jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbójú sókè. Okùn mẹ́rin ló so rọ̀ láti àjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orígun bẹ́ẹ̀dì, kò sí nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu wọn. Ó wò wọ́n, kò kọ́kọ́ yé e. Ó wo okùn, ó wo fèrèsé, ojú fèrèsé náà ni ẹ̀yìnkùlé wà, nẹ́ẹ̀tì funfun náà sì wà lórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ níbi tó nà án sí, adìẹ ti ṣá a lu.

Nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí Khàdíjàt ní ló tú kúrò lórí ara rẹ̀, tó fi bo omi Alhaji. Nígbà tí ìyálé rẹ̀ kò gbà kí wọ́n da omi náà nù, ó wá ọ̀nà tí omi yóò fi wà tí ẹ̀fọn kò fi ní jáde. Kò béèrè rẹ̀ padà. Ó ń sùn lásán nínú àsìkò ẹ̀fọn, ó ń gbọ́ ìyálé rẹ̀ tó ń bú u láti ẹ̀yìnkùlé.

Alhaja sọ gbogbo rẹ̀ fún Fatimah níbẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Fatimah di aṣọ ìyá rẹ̀ mú mọ́ àyà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Màmá. Ilẹ̀ ń ṣú."

Ṣùgbọ́n Alhaja kò tíì lè lọ. Ó jáde síwájú ilé, ó fi èjìká ti dúróòmù náà. Ó wúwo ju agbára rẹ̀ lọ. Ládàánì tó ń lọ pe ìrun rí i, ó béèrè ohun tó ń ṣe, ó rán an létí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ lójú ẹbí. Alhaja tún fi èjìká ti dúróòmù náà. Nígbà tó ṣubú, omi rẹ̀ dúdú, ó ń rùn, ó sì ṣàn bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Tanwíjí ń ta pọ́ún-pọ́ún lórí ilẹ̀, àwọn adìẹ sì sáré wá ṣa wọ́n jẹ. Ó dúró láàárín rẹ̀, ó sunkún bí kò ti sun ún lọ́jọ́ tí Alhaji kú. Lẹ́yìn náà ó fi iyanrìn àti kànǹkàn fọ inú dúróòmù, ó yí i dojú délẹ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́.

Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Khàdíjàt kò kú. Ó pẹ́ ní Ìlọrin kí ojú rẹ̀ tó là, ó sì pẹ́ sí i kó tó lè dìde jókòó. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, àwọn èèyàn kún ilé, wọ́n ń sọ fún Alhaja pé kó máa dúpẹ́, pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Alhaja ń ṣe àmín. Agbè wà lóòótọ́. Khàdíjàt jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wo gbogbo wọn pẹ̀lú ẹ̀rín ẹni tó wá ṣe àlejò. Kò mọ ọjà rẹ̀ mọ́. Ó ń pe Fatimah ní tíṣà. Alhaja tó tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ láti bí Fatimah, Màmá ló ń pè é, bí a ti ń pe ìyá arúgbó tí a bá lójú ọ̀nà.

Alhaja tú nẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nínú ọ̀rá, ó so ó mọ́ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì ń sùn báyìí lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Láàárọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Á ní, "Ìyàwó, ṣé o jí?" Á dúró. Nígbà mìíràn Khàdíjàt á ní òun jí, nígbà mìíràn á bi í pé ìyàwó ta ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, Alhaja á gbé ọ̀pá rẹ̀, á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, á máa da omi agolo, omi táyà àti omi ìkòkò òdòdó nù. Ó máa ń bá onílé jà bí wọ́n bá jiyàn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti sọ ọ́ ní Wolé-wolé. Kò bínú sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́ ìró omi níwájú ilé. Ó yára jáde. Khàdíjàt ló dúró lẹ́bàá dúróòmù tó dojú délẹ̀, kọ́ọ̀bù inú ilé lọ́wọ́. Ó ti rìn lọ síbi ẹ̀rọ mọ́sáláásí, ó ti bu omi, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti dànù sí ìró rẹ̀ nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó da èyí tó kù sórí ìdí dúróòmù náà. Díẹ̀ ṣàn wálẹ̀, díẹ̀ dúró sójú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Alhaja, ẹ̀rù bà á. Ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́.

"Ìyálé mi, ẹ má bínú. Mo ti bu omi sí i. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ dà á nù mọ́."

Láti ọjọ́ tó ti dé, kò tíì pè é ní ìyálé rí. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n jọ lò láyé, ìkòkò ọbẹ̀, ọmọ tí wọ́n jọ tọ́, ọkọ tí wọ́n jọ sunkún rẹ̀, ìjà yẹn nìkan ni àìsàn fi sílẹ̀ fún un. Alhaja kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà, ìyálé níwájú ìyàwó. Ó sọ fún un pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́, pé òun ló yẹ kó bẹ̀bẹ̀. Khàdíjàt ń mi orí, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà má bínú. Kò gbà títí Alhaja fi sọ pé òun kò bínú mọ́. Ìgbà náà ló rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé, ó sì tún gbé kọ́ọ̀bù lọ síbi ẹ̀rọ.

Bó ṣe rí títí di òní nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, á bomi wá, á dà á sórí dúróòmù, á kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Alhaja kì í dá a dúró. Á ní, "Mi ò bínú mọ́, ìyàwó," á fà á dìde, á mú un wọlé kí ẹ̀fọn tó jáde, á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, á sì tẹ etí nẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ ibùsùn yíká. Lẹ́yìn náà á padà jáde lóun nìkan, á tú ìborùn rẹ̀, á sì fi nu ìdí dúróòmù náà títí yóò fi gbẹ.